Ìdajì Ojú Yasinta

Ọkọ̀ ojú omi kan dojú dé nínú ìjì, àwọn apẹja sì kó òkú wá sí erékùṣù tí Adelheid ti ń ṣiṣẹ́ èbúté. Wọ́n tẹ́ wọn sínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbì kò jẹ́ kí ọkọ̀ mìíràn kọjá, bẹ́ẹ̀ àwọn ẹbí èrò ti kún ọ́fíìsì èbúté ní ìlú Kupang lódìkejì omi, wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó kú. Ni ọ̀gá rẹ̀, Bapa Gerardus, bá ní kó fi fọ́tò àwọn òkú náà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ńlá tó ń gba fáìlì níbẹ̀.

Kọ̀ǹpútà náà dáhùn: 530.

“Kí ló wí?”

“Ó ní òun ò mọ̀ wá, Bapa. Wọ́n ti pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù.”

Adelheid pe Melki, tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà náà ní Kupang.

“Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n,” ni Melki wí. “Wọ́n ní ká pààrọ̀ ẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó rántí yín.”

“Ẹ ò kúkú rántí wa rí, àfi táa bá kú.”

Melki rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó fún un ní tuntun, ilẹ̀kùn ṣí. Fọ́tò tó bá ti gúnlẹ̀, 226 ni kọ̀ǹpútà ń dá a lóhùn: ẹrù ti dé láìlábùkù. Láìpẹ́, igbe á sọ lórí fóònù, nítorí Melki ti fi han ẹbí. Kò pẹ́ tí ẹ̀rù 226 fi bẹ̀rẹ̀ sí í ba Adelheid.

Ó kan fọ́tò obìnrin kan: 426.

Bapa Gerardus lu tábìlì. “Kí tún nìyẹn?”

“Ìlà já lójú ọ̀nà, Bapa. Èyí tó bá fi 4 bẹ̀rẹ̀, ká ṣáà tún un gbìyànjú. Àwọn oní-5 ló le, àfi kẹ́nì kan tún nǹkan ṣe.”

Ó tún un fi ránṣẹ́. 550. Ìdajì tó kọ́kọ́ dé ti jókòó síbẹ̀, kọ̀ǹpútà ò sì gbà kó gbé òmíràn lé e. Melki nìkan ló lè yọ ọ́.

“Melki, bá mi pa ìdajì yẹn rẹ́.”

Ó gbọ́ tí Melki ń tẹ kọ̀ǹpútà.

“Ṣé ò ń gbọ́ mi?”

“Mo ti ṣí i, ẹ̀gbọ́n. Àtirun dé ojú ló wà níbẹ̀. Àpá ẹ̀gbẹ́ ojú yẹn, èmi ni mo sọ òkúta bà á nígbà táa wà ní kékeré. Yasinta ni, àbúrò mi. Ó ní òun ò ní wọkọ̀ títí ìjì á fi rọlẹ̀.”

Bapa Gerardus rọra jókòó.

“Ẹ má fi ìyókù ránṣẹ́ mọ́,” ni Melki wí. “Ìdajì yìí ti tó mi.”

“Àbúrò mi, ọlọ́pàá ò ní torí ìdajì ojú gbé e fún ẹ sin,” ni Adelheid wí.

Adelheid gbọ́ àwọn èèyàn tó ń pe Melki lẹ́yìn, wọ́n ń bèèrè bóyá òmíràn ti dé.

“Mo ti pa á rẹ́,” ni Melki wí.

Adelheid fi fọ́tò náà ránṣẹ́, ó sì ń gbàdúrà nínú ara rẹ̀ pé kí ìlà tún já. Kò já. 226.

Kò sí igbe kankan lórí fóònù lọ́tẹ̀ yìí.

“Pe ẹlòmíì kó gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ẹ,” ni Adelheid bẹ̀ ẹ́.

“Ta ni kí n pè? Èmi nìkan ni mo wà ńbí.” Melki fa ikun imú. “Ẹ fi òmíì ránṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Àwọn èèyàn ń dúró.”