Ìyáálé Níbi Ọrùn, Ìyàwó Níbi Afárá

"Dúdú ni kí o fi sí ibi méjèèjì," Mọ́ṣúdù wí. "Dúdú lọ́rùn, dúdú ní afárá. Mi ò fẹ́ funfun yẹn rárá."

Theophilus ló ń bá a tún gìtá ṣe. Ó gbé irin gbígbóná tó fi ń jó lẹ́ẹ̀dì mọ́ wáyà sílẹ̀, ó wo gìtá tó wà lórí tábìlì. Ó ti tú ikùn rẹ̀, wáyà pupa àti wáyà dúdú yọ síta bí ìfun adìyẹ. Níwájú ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọkọ̀ Èkó ń pe èrò ní gáréèjì Kútọ̀, l'Abẹ́òkúta.

"Ẹ̀gbọ́n, bí a bá fi dúdú sí méjèèjì, a ò ní rójú gbọ́ ọ," ó wí.

"Èmi ni mo fẹ́ gbọ́ ọ."

Bùsírátù, ìyàwó Mọ́ṣúdù, jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, kíréètì ẹyin méjì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹyin ló ń tà. Ó fẹ́ gbé àwọn yìí lọ fún oníbàárà kan ní Kútọ̀, ó wá tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ yà síbí. Ó tún fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí wọ́n ń pè ní píkọ́ọ̀pù. Nígbà tí Mọ́ṣúdù kọ́kọ́ sọ nílé pé òun fẹ́ ra píkọ́ọ̀pù méjì, ọkọ̀ akẹ́rù ló rò. Ó ti ń wo ibi tí wọn yóò máa gbé e sí, ìyá rẹ̀ sì ti sọ fún gbogbo agboolé ní Ìjẹmọ̀ pé ẹyin ọmọ òun kò ní gun orí mọ́. Ìgbà tí Mọ́ṣúdù fi ọwọ́ ṣàpèjúwe nǹkan tí kò ju agolo sadíìnì lọ ni ọ̀rọ̀ tó yé e.

Píkọ́ọ̀pù inú gìtá ló ń gbọ́ ohùn okùn, tó sì ń gbé e lọ sínú ẹ̀rọ. Ọ̀kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn gìtá, ohùn tibẹ̀ máa ń rọ̀. Ìkejì máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá, irin tó di ìdí okùn mú, ohùn tibẹ̀ máa ń mú. Mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n Theophilus fi ránṣẹ́ láti London kí Mọ́ṣúdù lè mú méjì níbẹ̀: dúdú méjì tó rí bákan náà, tí ohùn wọn le, àti ọ̀kan tó ní ìbòrí irin funfun, tí ohùn rẹ̀ tutù. Họ́mbọ́kà ni gbogbo wọn. Wọ́n wé wáyà mọ́ òòfà lọ́nà méjì tó kọjú síra, tó fi jẹ́ pé bí iná NEPA bá ń kùn, ohun tí apá kan bá gbà wọlé, apá kejì á tì í jáde.

Kíkùn yẹn nínú píkọ́ọ̀pù àtijọ́ rẹ̀ ni Mọ́ṣúdù ń dá lẹ́bi. Ní òde tí wọ́n lọ kẹ́yìn, àwọn àgbà tó jókòó níwájú ń fi ọwọ́ di etí. Jùbrílù, olórí ẹgbẹ́ olórin wọn, pè é lọ sẹ́yìn ọkọ̀.

"Gìtá rẹ ń gé èèyàn létí," ó sọ fún un. "A ń lọ sí Ewékorò ní Sátidé. Bó bá tún rí bẹ́ẹ̀, Túbọ̀sún ló máa jókòó sí ààyè rẹ."

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni Túbọ̀sún. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Mọ́ṣúdù ti ń jókòó síbẹ̀. Iṣẹ́ ìlọta ló ń ṣe, ẹ̀rọ rẹ̀ wà ní Ìjẹmọ̀, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀, gìtá ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n wà yìí. Ó ku ọjọ́ méjì.

"Mo ti fi wáyà so wọ́n pọ̀ fúngbà díẹ̀," Theophilus wí. "Funfun wà lọ́rùn, dúdú wà ní afárá. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ ná, kí ẹ tó bá mi jà."

Mọ́ṣúdù gbé gìtá lé itan. Ó kọ́kọ́ ta ti ọrùn. Ohùn náà jáde, ó rọ̀, ó nípọn. Ó yí i sí ti afárá, ó tún ta á. Èyí jáde bí abẹ, Bùsírátù sì ṣẹ́jú.

"Funfun yẹn ni ìyáálé," Bùsírátù wí. "Ó ń rọra sọ̀rọ̀, ó sì ń yé èèyàn. Dúdú yìí ni ìyàwó tuntun. Ó fẹ́ kí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé òun ti dé."

Theophilus rẹ́rìn-ín. "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Ìyá Mọ́nsúrù."

"Ìyàwó méjì láìsí ìyáálé nínú ilé, ta ni yóò parí ìjà?"

"Wò ó," Mọ́ṣúdù wí. "Ìwọ tí o kò jẹ́ kí n fẹ́ ẹyọ kan kún ọ, o wá ń fẹ́ ìyàwó fún gìtá."

Ó yí bọ́tìnnì tó ń mú kí ohùn gìtá mú dé òpin, ó tún ta ti afárá. Awakọ̀ kan yọ orí wọlé láti ìta.

"Ẹ̀yin ará ibí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé adìyẹ lẹ ń fún lọ́rùn ni?"

Theophilus bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí awakọ̀ náà lọ, Mọ́ṣúdù mi orí.

"Kò tíì mú tó. Ó ṣì ń jẹ ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Theophilus, dúdú méjèèjì."

Theophilus wo Bùsírátù. Bùsírátù wo ilẹ̀. Kò sí ẹni tó fẹ́ sọ fún un pé ó ti mú jù.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sinmi," Theophilus wí. "Láti àárọ̀, n kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i," Bùsírátù wí, ó sì dìde. "Níbo ni wọ́n ti ń ta búrẹ́dì níbí?"

"Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì."

Èrò pọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ olè sì pọ̀ láàárín wọn. Ó ti ń jáde lọ nígbà tó sọ ọ́ láì bojú wẹ̀yìn: "Bàbá Mọ́nsúrù, ẹ bá mi ṣọ́ ẹyin yẹn."

"Ó dáa," Mọ́ṣúdù wí.

Ìgbà tó fi máa padà, ọkọ rẹ̀ ti ká apá aṣọ sókè. Abọ́ tánganran Theophilus wà níwájú rẹ̀, ẹyin mẹ́fà ti wà nínú rẹ̀ ní fífọ́, ìkeje sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Theophilus wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ń tan sítóòfù.

"Kí lẹ ń ṣe?" Bùsírátù béèrè.

"O ò rí mi ni? Mo ń fọ́ ẹyin. Ṣé o rántí ra àlùbọ́sà?"

"Ta ló ní kí ẹ fọ́ ẹyin?"

"Ìwọ ni. O ní kí n bá ọ fọ́ ẹyin."

"Ṣọ́ ni mo wí. Ẹyin tí mo fẹ́ gbé fún oníbàárà! Mo ní kí ẹ ṣọ́ ọ."

Theophilus tó ti padà wọlé fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Mọ́ṣúdù fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Bùsírátù kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́, ó ń rántí.

Oṣù tó kọjá, ó ní kí ọkọ rẹ̀ bá òun sá aṣọ. Ìgbà tó máa dé, ọkọ rẹ̀ ti ká aṣọ tútù sínú àpótí, ó sì tò ó dáadáa. Ní ọjọ́ kan, ó bá a sọ̀rọ̀ láti yàrá, ọkọ rẹ̀ dáhùn ohun tí kò bi í. Ó ti pé ọdún kan tó ti ń rí báyìí. Ó rò pé kò ka òun sí mọ́ ni. Ó ti rò pé obìnrin kan wà níta tó gba ọkàn rẹ̀, ó tilẹ̀ ti wo ẹni méjì ní Ìjẹmọ̀ pẹ̀lú ojú burúkú lórí ọ̀rọ̀ náà.

"Bàbá Mọ́nsúrù," ó wí, "ẹ kọjú sí ògiri."

"Ṣé ìyà ẹyin nìyí?"

"Ẹ ṣáà kọjú síbẹ̀."

Ó kọjú síbẹ̀, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Bùsírátù dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ sọ ohun tí mo bá sọ. Sá."

"Ká."

"Ẹ̀fọ́."

"Ẹ̀kọ́."

"Ṣọ́."

"Fọ́," ó wí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ti gbọ́ bí ṣọ́ọ̀bù ṣe dákẹ́.

"Mọ́ṣúdù."

Ó yíjú padà. "Èyí yé mi. O kò pe orúkọ mi rí láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọ."

"Ẹ jókòó," Bùsírátù wí. "Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi epo pa ọ̀rọ̀ lára. Etí yín ti ń lọ."

"Etí mi? Èmi tí gbogbo ẹgbẹ́ ń gbé gìtá wá fún kí n bá wọn tún okùn fà?"

"Ẹ ń gbọ́ òkè, ẹ ń gbọ́ ìsàlẹ̀. Ìyẹn ni n kò ṣe tètè mọ̀. Fọ́, ṣọ́, kọ́, ohùn kan náà ni gbogbo wọn, ẹ sì ń gbọ́ ohùn. Ẹnu ọ̀rọ̀, ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀, ni ẹ kò gbọ́ mọ́."

Mọ́ṣúdù wo Theophilus, bí ẹni tó ń wá ẹlẹ́rìí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú," Theophilus wí. Ó fi ìka kan bọ́tìnnì gìtá. "Ibi tó mú nínú ohùn gìtá, bí ẹnu ọ̀rọ̀ ló ṣe rí. Ẹ kò gbọ́ ọ, ẹ wá ń fi kún un. Bí ẹ ṣe ń fi kún un ni àwa ń di etí."

Mọ́ṣúdù nu ẹyin kúrò lọ́wọ́ pẹ̀lú àkísà, ìka kan lẹ́yìn òmíràn.

"Ariwo ẹ̀rọ ìlọta," ó wí.

"Ọdún mẹ́rìnlá lẹ ti ń dúró tì í," Bùsírátù wí. "Òun ni obìnrin tí mo ń wá kiri. Mo ti bínú sí Adérónkẹ́ aláṣọ lásán."

"Adérónkẹ́?" Mọ́ṣúdù wí. "Adérónkẹ́ tí kò léyín níwájú?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Mọ́ṣúdù, ṣùgbọ́n kò jáde tán. Ó gbé gìtá, ó sì kọjú sí ògiri gẹ́gẹ́ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ní kó ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ó yí i sí ti ọrùn, sí funfun, ó ta ohùn mélòó kan. Kò yára.

"Kí ló sọ?" ó béèrè.

"Ó fi oríkì mi pè mí, ó ní, 'Àṣàkẹ́, má bínú.'"

"Ṣé ó yé ọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó yé mi ju ẹnu yín lọ."

Mọ́ṣúdù mi orí. "Lójú tèmi, ó dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora." Ó gbé gìtá padà sórí tábìlì, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. "Theophilus, ìyáálé níbi ọrùn. Ìyàwó níbi afárá. Jó lẹ́ẹ̀dì rẹ."

Wọ́n din ẹyin mẹ́fà náà jẹ. Lẹ́yìn tí Theophilus parí iṣẹ́, Mọ́ṣúdù ta ti afárá, Bùsírátù sì ń yí bọ́tìnnì padà fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí ojú rẹ̀ fi rọ̀.

"Ó tó níbí," ó wí. Ó mú tìróò jáde nínú àpò rẹ̀, ó fi sàmì sí bọ́tìnnì náà. Theophilus fi abẹ fín àmì yẹn síbẹ̀ kí ó má baà parẹ́.

Ní ọ̀sán Sátidé, ní Ewékorò, níbi tí òṣìṣẹ́ sìmẹ́ńtì kan ti ń sọ ọmọ lórúkọ, Mọ́ṣúdù lọ bá Jùbrílù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Túbọ̀sún wà nítòsí, ó jókòó lórí àpótí gìtá rẹ̀.

"Etí mi kò gbọ́ ibi tó mú mọ́," Mọ́ṣúdù wí. "Ìyàwó mi yóò jókòó síwájú. Bó bá fọwọ́ kan gèlè, màá dín in kù."

"Kí ló dé tí o kò ti sọ fún wa?" Jùbrílù béèrè.

"Mi ò mọ̀ pé mi ò gbọ́."

Jùbrílù wò ó, ó wo Bùsírátù tó ti wá àga láàárín àwọn àgbà. "Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀," ó wí.

Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni Bùsírátù fọwọ́ kan gèlè. Ní orin kẹrin, nígbà tí gìtá kí bàbá ọmọ, bàbá ọmọ dáhùn kí akọrin tó sọ nǹkan kan. Jùbrílù yí orí padà lẹ́ẹ̀kan, ó wo ọwọ́ Mọ́ṣúdù, ó sì kọrin lọ. Ìyìn nìyẹn lọ́dọ̀ Jùbrílù. Túbọ̀sún kò ṣí àpótí rẹ̀.

Ó ku díẹ̀ kí ilẹ̀ ṣú nígbà tí wọ́n dúró lójú títì, wọ́n ń wá ọkọ̀ padà sí Abẹ́òkúta. Tírélà ń kọjá, eruku funfun bo koríko. Bùsírátù ti ra kíréètì ẹyin mẹ́ta lóko adìyẹ kan nítòsí, ó gbé wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gìtá. Ó wá rántí pé òun gbàgbé àpò òun sórí àga.

"Bàbá Mọ́nsúrù, ẹ bá mi ṣọ́ ẹyin," ó wí, ó sì ti ń lọ.

"Dúró."

Ó dúró. Mọ́ṣúdù yí gbogbo ara sí i, ó ń wo ẹnu rẹ̀.

"Tún un sọ."

Bùsírátù padà wá síwájú rẹ̀, ó sì la ẹnu dáadáa. "Ẹ bá mi ṣọ́ ẹyin."

"Ṣọ́ àbí fọ́?"

"Ṣọ́."

Mọ́ṣúdù jókòó lórí àpótí gìtá rẹ̀, ó gbé kíréètì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé itan, ó sì ń ṣọ́ wọn títí ìyàwó rẹ̀ fi dé.