Ẹ̀rọ Tí Katakata Impi Lè Gbé

"Katakata mi kò lè yí èyí," ni Impi Ruona wí, ó sì gbé ọwọ́ kúrò lára ẹ̀rọ ńlá tí ń gbé yìnyín mì, tó sì ń tu ú jù sínú igbó.

Rodney tó ń tajà rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ wò ó dáadáa. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ni ẹnu rẹ̀ fẹ̀. Àlọ àtàbọ̀ kan péré, ọ̀nà yín ti mọ́."

"Ẹ́ńjìnnì alágbára ẹṣin mélòó ló ń béèrè?"

"Ọgbọ̀n."

"Méjìdínlógún ni tèmi ní. Á dà bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ru ẹrù erin."

"Ẹ fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ni?"

Karla, ọmọ Impi, mí kanlẹ̀. Wákàtí mẹ́rin ló fi wa ọkọ̀ láti Green Bay, níbi tó ń gbé, wá sí Calumet tí àwọn òbí rẹ̀ wà. Ní oṣù kejì ọdún náà ni ọkàn bàbá rẹ̀, Waino, dá iṣẹ́ sílẹ̀ díẹ̀. Áńbúláǹsì há sínú yìnyín ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà ilé wọn, ọkùnrin mẹ́rin ló fi kúbùsù gbé e sọ̀ kalẹ̀. Láti ìgbà náà ni Karla ti fẹ́ kó àwọn méjèèjì lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Àdéhùn wọn kò lọ́jú pọ̀: bí yìnyín bá tún dí ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n á fi ilé sílẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ ṣáà ra abẹ irin tí ń ti yìnyín. Òun lẹ mọ̀ ọ́n lò."

"Òun náà ló dójú tì wá. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló ń tì í sí. Nígbà tó fi di oṣù kejì, òkìtì ti ga jù mí lọ. Ibo ni kí n tún tì í sí? Níhìn-ín, a kì í ti yìnyín. Jíjù là ń jù ú."

Rodney mi orí, ó mú wọn lọ síbi ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn katakata. Impi fi okùn wọn ẹnu rẹ̀: ó fi díẹ̀ fẹ̀ ju ibi tí táyà méjèèjì katakata rẹ̀ gbà lọ, bó ṣe yẹ. Ó gun katakata ilé ìtajà, ó ń fi ẹ̀yìn rìn yí àgbàlá ká, ó ń yí ọrùn wo ẹ̀yìn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sọ̀ kalẹ̀, ó di ọrùn mú.

"Ẹ̀rọ yìí dára. Ọrùn mi ni kò dára. Fún mi ní irú rẹ̀ tó ń wà níwájú."

"Ti iwájú wọ́n o, Màmá."

"Mo gbọ́."

Karla tẹjú mọ́ ọn. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò gbọ́ rí kí ìyá rẹ̀ gbà pé nǹkan kan ń dun òun.

Ní oṣù kọkànlá, yìnyín àkọ́kọ́ bọ́ mọ́jú. Nígbà tí Karla dé, ọ̀nà funfun báláú, Impi sì ń wa katakata lọ sókè sódò lórí rẹ̀, ó gbé ẹnu ẹ̀rọ tuntun náà sókè. Karla fi ọkọ̀ sílẹ̀ ní títì, ó ń pariwo bọ̀.

"Mọ́mì! Àdéhùn wa ńkọ́? Ẹ ò tíì kó o!"

Impi pa ẹ̀rọ. "Ọgbọ̀n ọdún ní ìgboro ti jẹ́ kí o gbàgbé. Òkúta wẹ́wẹ́ ló wà nísàlẹ̀. Bí mo bá gbé ẹnu yìí lé e báyìí, òkúta ni màá máa jù lu fèrèsé bàbá ẹ. Títẹ̀ là ń tẹ ti àkọ́kọ́, kó lè dì. Èyí tó bá bọ́ lé e là ń jù."

"Bí áńbúláǹsì bá ní láti gòkè lónìí ńkọ́?"

"Ọkọ̀ tìẹ dà? Wà á gòkè wá ká wò ó."

Karla wo ìsàlẹ̀. Ó fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀; ó le bí kọnkéré. Ó padà lọ, ó wa ọkọ̀ gòkè títí dé ẹnu ọ̀nà ilé, táyà kankan kò yọ̀. Ó jáde wá bá ìyá rẹ̀.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀, Mọ́mì. Ẹ jẹ́ kí n tẹ apá ìsàlẹ̀."

Impi bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ fún un. "Má sáré," ó ní. "Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́."