Ihò Kékeré Etí Kásẹ́ẹ̀tì

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni àǹtí mi, àbúrò bàbá mi obìnrin, gbé kásẹ́ẹ̀tì fídíò kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó fi ọ̀rá wé e lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni wé ẹyin. Ṣọ́ọ̀bù mi kò ju yàrá kan lọ: tábìlì, ẹ̀rọ fídíò àtijọ́ méjì, kọ̀ǹpútà kan, fèrèsé tó kọjú sí ibùdókọ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n gba ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sórí sídíì kó tó bàjẹ́ tán.

"Abanǹkanjẹ́," ó pè mí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́ ń lọ?"

"Ẹ káàsán mà. A dúpẹ́."

Ọdún méjìdínlógún ló ti ń pè mí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje, tí ìyá mi ti kú, kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó ní àwòrán ìyá mi di àwátì nílé wa. Àǹtí mi ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Òun ló sọ fún bàbá mi pé èmi ni mo ń fi ẹ̀rọ ṣeré tí ẹ̀rọ fi jẹ ẹ́, pé òun sì ti gbá a dànù mọ́ ilẹ̀. Bàbá mi kò nà mí. Ì bá nà mí, ì bá sàn. Ó kàn dẹ́kun wíwo ojú mi tó bá ń bá mi sọ̀rọ̀. Èmi náà sì gbà pé mo ṣe é. Kí ni ọmọ ọdún méje ò ní gbà? Gbogbo kásẹ́ẹ̀tì oníkásẹ́ẹ̀tì tí mo ti tún ṣe láti ìgbà tí mo ti dàgbà, bí ẹni pé ẹyọ kan yẹn ni mò ń tún ṣe.

"Mo máa pé ọgọ́ta ọdún ní Sátidé," àǹtí mi wí. "Ọjọ́ tí mo ṣí ilé ìránṣọ mi ló wà nínú eléyìí. Gbogbo ẹbí ló ń bọ̀ wá wò ó. Má gé nǹkan kan kúrò o. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pérépéré ni mo fẹ́ ẹ."

"Pérépéré, mà?"

"Pérépéré. Má sì bà á jẹ́ o. Mo mọ ọwọ́ ẹ."

Nígbà tó lọ tán, mo yí kásẹ́ẹ̀tì náà síbí sọ́hùn-ún, mò ń wò ó bóyá ó ti bu. Ìwé tó lẹ̀ mọ́ ọn, tó kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí, ti ń ṣí létí. Bírò pupa wà lábẹ́ rẹ̀. Mo rọra fà á. "Ìyàwó mi, nílé." Ọwọ́ bàbá mi ni. Tíṣà ni, bírò pupa ló fi ń kọ gbogbo nǹkan, títí kan ìwé pé wọ́n ti gbé omi kaná.

Mo wo etí kásẹ́ẹ̀tì. Ègé ike kékeré kan máa ń wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n gba nǹkan mìíràn lé tirẹ̀ lórí á ṣẹ́ ẹ dànù, ihò á kù, ẹ̀rọ kò sì ní gbà mọ́, àfi tí ẹnìkan bá dí ihò náà. Wọ́n ti ṣẹ́ eléyìí. Wọ́n sì ti fi sẹ́lòtéèpù dí i, wọ́n ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀mejì, ó gún régé bí etí aṣọ tí aránṣọ ká.

Ènìyàn kì í ṣèèṣì lẹ sẹ́lòtéèpù. Ó máa wá a. Ó máa gé e. Ó máa fi èékánná tẹ̀ ẹ́.

Òòfà ńlá kan wà lórí tábìlì mi, tí mo yọ lára ẹ̀rọ agbóhùn. Bí mo bá fi ra kásẹ́ẹ̀tì náà, ilé ìránṣọ rẹ̀ á pa rẹ́ bí ó ṣe pa ìyá mi rẹ́. Mo gbé òòfà náà dání. Mo ti rí ara mi bí obìnrin inú ìwé ìtàn, tí mo ń sọ fún un pẹ̀lú ohùn tútù pé ẹ̀rọ jẹ ẹ́. Àmọ́ kásẹ́ẹ̀tì wákàtí mẹ́ta ni. Ta ló sọ pé ayẹyẹ rẹ̀ gba wákàtí mẹ́ta?

Mo gbé òòfà sílẹ̀, mo ti kásẹ́ẹ̀tì bọ inú ẹ̀rọ.

Iṣẹ́ yìí kò ṣeé sáré ṣe. Bí fídíò bá ṣe gùn tó ni wà á ṣe jókòó tó. Mo wo àǹtí mi bó ṣe ń gé ríbọ́nù, bó ṣe ń bọ ènìyàn lọ́wọ́, bí kámẹ́rà ṣe ń wo bàtà rẹ̀. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mọ́kàndínláàádọ́ta. Àwòrán dàrú, ó funfun, ó ń hó. Lẹ́yìn náà ni ìyá mi yọ, ó ń fi àyọ́ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ gbé nǹkan yẹn kúrò lójú mi jàre," ó wí fún ẹni tó mú kámẹ́rà dání. "Mo ṣì níṣẹ́ lọ́wọ́."

Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo sì sunkún títí ó fi tán. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá.

Sídíì mẹ́wàá ni mo ṣe. Ní Sátidé, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ àǹtí mi, mo fún olórí ilé kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan bí wọ́n ṣe ń wọlé. Inú rẹ̀ dùn. "Ọmọ yìí ti ń gbọ́n," ó wí.

Wọ́n fi sídíì kan sí i, ó sì ń ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń rí fún wọn títí ayẹyẹ inú rẹ̀ fi parí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá rímóòtù. Abẹ́ itan mi ló wà.

"Ó ku díẹ̀, Àǹtí," mo wí. "Ẹ ní kí n má gé nǹkan kan."

Ìyá mi yọ. Bàbá mi dìde dúró. Lórí tẹlifíṣọ̀n, ọmọ kékeré kan, èmi gan-an, na ọwọ́ sí àyọ́ọ̀nù, ìyá mi ní, "Má fọwọ́ kàn án," ọmọ náà sì fà á padà. "Ẹ rí i?" ìyá mi wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Tí ẹ bá ti sọ fún eléyìí lẹ́ẹ̀kan, ó tán."

Mo gbé kásẹ́ẹ̀tì náà lé bàbá mi lọ́wọ́. Ó wo bírò pupa. Ó fi àtàǹpàkò tẹ sẹ́lòtéèpù náà.

"Èmi ni mo fọ̀bẹ ṣẹ́ ike rẹ̀," ó wí fún àǹtí mi. "Ìwọ lo lẹ̀ ẹ́?"

"Kò sí kásẹ́ẹ̀tì mìíràn nílé lọ́jọ́ yẹn," àǹtí mi wí. "Kámẹ́rámáànù ti dé. Mi ò mọ̀ pé ó máa dà báyìí."

"O ní ọmọ mi ló ṣe é."

Bàbá mi yíjú sí mi, ó wò mí lójú, ojú rẹ̀ kò sì kúrò níbẹ̀.

"Ọmọ mi," àǹtí mi bẹ̀ mí, orúkọ tí kò pè mí rí, "pa á. Jọ̀ọ́."

"Ẹ jókòó, mà," mo wí. "Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ."

Ó wo gbogbo ojú tó wà nínú pálọ̀, ó wo sídíì tó wà lọ́wọ́ wọn. Ó jókòó.