Solvej Wà ní Lemvig Lónìí

1

…nítorí pé ọ̀rá máa ń wà lọ́wọ́ mi láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ọwọ́ tó kún fún ọ̀rá kò ṣeé fi tẹ fóònù. Nítorí náà, ọjọ́ Àìkú kan ni mo máa ń jókòó, tí màá kọ ìkéde oṣù kan tán pátápátá. Màá fi ọjọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ̀rọ á sì máa gbé wọn sórí ìkànnì wa láràárọ̀, bí mo rántí, bí n kò rántí.

Bí mo wà láàyè, bí n kò sí.

2

Díẹ̀ lára ìkéde tó wà lọ́wọ́ ẹ̀rọ, èyí tó ti gbé jáde àti èyí tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé:

SKIVE, ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin. Ó TI LỌ.
THISTED, gbàgede ọjà. Ó TI LỌ.
LEMVIG, èbúté. Ó Ń DÚRÓ.
STRUER, èbúté. Ó Ń DÚRÓ.

Ọkọ̀ tí mo fi ń ta sọ́séèjì kì í dúró síbì kan. Oníbàárà tí kò bá wo ìkànnì, ebi ni yóò pa á.

3

Jannik ni ọkọ mi.

Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ mi mọ́ irin tí mo fi ń dín sọ́séèjì. Ó ní kí n kà dé mẹ́wàá. Mo ṣi í kà ní mẹ́fà.

Ó ní kí n tún un bẹ̀rẹ̀.

4

ÌKÉDE LÁRA ÒGIRI, ILÉ ÀÀBÒ ÀWỌN OBÌNRIN

Ẹ má sọ ibi tí ilé yìí wà fún ẹnikẹ́ni, ìyá yín pàápàá.
Ẹ fún wa ní fóònù yín àtijọ́.
Ìjọba ìbílẹ̀ ti fi àdírẹ́sì yín pamọ́. Ẹnikẹ́ni kò lè rí i.
Ẹ fọ abọ́ tí ẹ bá fi jẹun.

5

Mo fún wọn ní fóònù. Mo yí nọ́ńbà padà. Orúkọ ẹlòmíràn ló wà lára àpótí lẹ́tà mi.

N kò rántí ẹ̀rọ.

6

Bodil, àbúrò mi, lórí fóònù tuntun:

BODIL: Ẹ̀gbọ́n, èmi ni màá máa wa ọkọ̀ yín títí ara yín á fi yá. Mo ti wọ ẹ̀wù pupa yín náà.
ÈMI: Ẹ̀wù yẹn máa tóbi jù fún ọ.
BODIL: Ó fún mi ni. Ẹ má bú mi.
ÈMI: Má jẹ́ kí àlùbọ́sà jóná o.
BODIL: Ẹ wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀! Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ta èédú fún àwọn ará Thisted láti èṣí.
ÈMI: Bodil. Bí o bá rí Jannik, sá.
BODIL: Ẹ jẹ́ kó wá. Ẹ̀mú wà lọ́wọ́ mi.

7

“Solvej wà ní èbúté Lemvig lónìí! Sọ́séèjì pupa, búrẹ́dì gbígbóná. Ẹ wá rí mi.” Ó TI LỌ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ rẹ̀.

JANNIK: Mò ń bọ̀.

8

Ohun tí Aksel, apẹja, sọ fún ọlọ́pàá:

ỌLỌ́PÀÁ: Kí ló mú dání?
AKSEL: Irin ìdákọ̀ró. Èyí tó kéré. Ẹ̀yìn ló gbà yọ sí obìnrin inú ọkọ̀.
ỌLỌ́PÀÁ: Ṣé ó sọ̀rọ̀?
AKSEL: “Solvej.” Bó ṣe ń lù ú ló ń pè é. Obìnrin yẹn ń ké pé, “Èmi kọ́! Wò mí!” Kò wò ó.
ỌLỌ́PÀÁ: Ìgbà wo ló dáwọ́ dúró?
AKSEL: Ìgbà tó fẹsẹ̀ yí i padà, tó rí ojú rẹ̀. Èyí tó kù nínú ojú rẹ̀. Ó ní, “Àṣé ìwọ ni.” Bí ẹni tó ṣi ilẹ̀kùn kàn. Ó sì bá tirẹ̀ lọ.
ỌLỌ́PÀÁ: Ẹ̀yin ńkọ́?
AKSEL: Búrẹ́dì wà lẹ́nu mi, ọ̀gá.
ỌLỌ́PÀÁ: Mo ní kí lẹ ṣe?
AKSEL: Búrẹ́dì wà lẹ́nu mi.

9

LÁTI ỌWỌ́ Ẹ̀RỌ

Ẹ kú oríire, Solvej! Ìkéde Lemvig ni àwọn ènìyàn wò jù lóṣù yìí. Ṣé kí a bá yín ṣètò irú rẹ̀ sí i?

[ BẸ́Ẹ̀ NI ]     [ Ó DI ÌGBÀ MÍÌ ]

10

Àtẹ̀jíṣẹ́ láti ilé ìwòsàn:

BODIL: N kò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n ti fi wáyà di àgbọ̀n mi.
BODIL: Ẹ má sunkún. Èmi ni mo rẹwà jù tẹ́lẹ̀. Ó ti dọ́gba báyìí.
BODIL: Ta ló sọ fún un pé ọkọ̀ wà ní Lemvig?
ÈMI: Èmi ni.

11

Ẹ̀rọ ni.

Rárá. Ẹ̀rọ kò mọ Jannik. Èmi ni mo kọ “ẹ wá rí mi.”

12

Frandsen, ọlọ́pàá tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà:

FRANDSEN: Ẹ pa gbogbo èyí tó kù lọ́wọ́ ẹ̀rọ yẹn rẹ́, ìyáàfin.
ÈMI: Ṣé ẹ ti mú un?
FRANDSEN: A ń wá a.
ÈMI: Níbo?
FRANDSEN: Káàkiri.
ÈMI: Èmi mọ ibi tó máa wà. Ibi tí mo bá kọ ni.
FRANDSEN: Ẹ gbọ́, ìyáàfin. Ẹ̀yin kì í ṣe ìjẹ tí a fi ń dẹ ẹja.
ÈMI: A ti fi Bodil ṣe ìjẹ ná.

13

Mo ṣí ti Struer. N kò pa á rẹ́. Mo tún un kọ.

“Solvej wà ní Struer lónìí, lẹ́yìn ilé ẹja. Èmi nìkan ni.” Ó Ń DÚRÓ.

Mo kọ òmíràn tí ẹ̀rọ yóò fi ránṣẹ́ sí Frandsen.

“Ó wà ní Struer. Ẹ tètè wá.” Ó Ń DÚRÓ.

Ìkéde ni yóò kọ́kọ́ lọ. Mo fi àkókò sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì.

Àkókò tó máa tó mi.

14

Ọlọ́pàá ti dá ọkọ̀ padà. Wọ́n ti fọ̀ ọ́. Kò mọ́ tán.

Mo wa ọkọ̀ dé ẹ̀yìn ilé ẹja ní Struer, mo gbé ìkòkò tó tóbi jù kaná. Mo bu omi kún un dé etí.

N kò kó sọ́séèjì sí i.

15

 

16

Ti Struer: Ó TI LỌ.

Ti Frandsen: Ó Ń DÚRÓ.

Omi ti ń hó.

17

BODIL: Ẹ̀gbọ́n, mo rí Struer lórí ìkànnì wa. Ṣé ẹ̀rọ ni, àbí ẹ̀yin ni?