Alùpùpù Tó Mọ Ẹni Tó Ni Ín

Bàbá ìyàwó mi kì í pe orúkọ mi. Láti ọdún mẹ́ta tí mo ti fẹ́ ọmọ wọn, "Mẹkáníìkì" ni mò ń jẹ́ lẹ́nu wọn, wọ́n á sì pè é bí ẹni ń ka ẹ̀sùn sí mi lẹ́sẹ̀. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Dókítà ni wọ́n ní lọ́kàn fún ọmọ wọn. Nítorí náà, nígbà tí Bàbá fúnra wọn gun alùpùpù àtijọ́ wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo mọ̀ pé ìdánwò dé. Bí mo bá tún un ṣe, bóyá wọ́n á pè mí lọ́mọ. Bí n kò bá rí i ṣe, mo gbé.

"Mẹkáníìkì, wọ́n ní ó ń wúkọ́. Èmi ò gbọ́ ọ rí."

"Ta ló gbọ́ ọ, Bàbá?"

"Gbogbo ẹni tí mo bá yá a."

Mo gùn ún. Ó wúkọ́, ó gbọ̀n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú síbẹ̀. Bàbá gùn ún, ohùn rẹ̀ rọ̀ pẹ̀sẹ̀. Mo tún gùn ún, ó tún bẹ̀rẹ̀. Inú Bàbá dùn débi pé wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún.

"Ṣé o rí i? Ó mọ ẹni tó ni ín."

Orí mi gbóná. Mo fọ nọ́sù tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, mo pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, mo gbọn fílítà. Mo wo iná kékeré tó máa ń ṣẹ́jú láti sọ ibi tó ń dun ẹ́ńjìnnì. Kò ṣẹ́jú rárá. Ikọ́ ò lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá kó ẹbí dé pẹ̀lú ìwé àti bírò. Wọ́n ní kí oníkálukú gùn ún, káwọn lè mọ ẹni tó jẹ́ ojúlówó ọmọ ilé. Ìyàwó mi gùn ún, ó wúkọ́.

"Mo mọ̀," Bàbá wí, wọ́n sì wo ojú mi.

Àbúrò wọn obìnrin, Àǹtí Oníbúrẹ́dì, gùn ún: pẹ̀sẹ̀. "Ọmọ bàbá mi!" Àkọ́bí Bàbá, Bùọ̀dá Lọ́yà, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyọ ìgbálẹ̀, gùn ún: ikọ́. Ó ní òun máa pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà yà sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní kí òun náà gùn ún. Pẹ̀sẹ̀. Bàbá wò ó títí.

"Níbo ni wọ́n ti bí bàbá rẹ?"

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ́fà ju éje lọ. Mo wo Bàbá, mo wo Àǹtí, mo wo onílẹ́tà: kò sí ẹni tí àga ṣọ́ọ̀bù mi kì í ké lábẹ́ rẹ̀ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ṣí ìjókòó alùpùpù. Róbà kan tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì wà lábẹ́ rẹ̀, ó ti ya. Mo da omi ọṣẹ sí i, ẹ́ńjìnnì fà á mu, ohùn rẹ̀ yí padà. Ẹni tó bá wúwo, ìjókòó á tẹ̀ ẹ́, ibi tó ya á sì pa dé. Ẹni tó bá fúyẹ́, afẹ́fẹ́ á máa jò wọlé, ẹ́ńjìnnì á ṣi epo wọ̀n, á sì wúkọ́.

Mo fi róbà tuntun sí i. Mo gùn ún: pẹ̀sẹ̀. Ìyàwó mi: pẹ̀sẹ̀. Bùọ̀dá Lọ́yà náà: pẹ̀sẹ̀. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún mi, àfi Bàbá.

"Ta ló ní kó o ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Bàbá, róbà ló ya."

"Mo gbọ́." Ohùn wọn ti lọ sílẹ̀. "Láti ìgbà tí ìyá àwọn ọmọ mi ti kú, kò sí nǹkan kan nínú ilé yẹn tó mọ̀ bóyá mo wọlé tàbí mo jáde. Èyí nìkan ló mọ̀ mí. Dá róbà yẹn padà."

Àánú wọn ṣe mí, ojú iṣẹ́ mi sì tì mí. Mo yọ róbà tuntun, mo fi èyí tó ya sí i. Mo gùn ún wò: ikọ́ ti padà. Bàbá gùn ún, ohùn rẹ̀ rọ̀. Wọ́n rọra fi ọwọ́ pa táńkì rẹ̀ lára.

"O ṣeun, ọmọ mi," wọ́n wí, wọ́n sì wa alùpùpù lọ. N kò tíì mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí nínú èmi àti alùpùpù.