Kò Tíì Tán

"Mò ń bọ̀ lẹ́yìn ìrun Aláásárì. Èsì ni mò ń bọ̀ wá gbọ́ o, olólùfẹ́."

Ìmísí ka àtẹ̀jíṣẹ́ Uwais, ó tún un kà. Èsì wo? Ó gbé fóònù kalẹ̀, ó yíjú sí kọ̀ǹpútà, nítorí gbogbo ohun tó yẹ kó rántí láyé yìí, ibẹ̀ ló wà.

Òun fúnra rẹ̀ ló tún ètò ìkọ̀wé inú rẹ̀ ṣe. Àwọn yòókù nínú ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé wọn ní Òmù-Àrán kàn ń fi í tẹ lẹ́tà ni. Ìmísí kọ́ ọ ní Yorùbá. Iṣẹ́ kan, ìlà kan. Bí ó bá kọ "kíákíá" sí ìlà, ìlà náà á pọ́n bí ata. Bí ó bá kọ "tán", á ṣá, á sì rì lọ sí ìsàlẹ̀ fáìlì, níbi tí kò ti ní í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́. Láràárọ̀, ohun tó kù láti ṣe nìkan ló máa ń wà lókè. Èyí dùn mọ́ ọn tó àwọn ìwé ìfẹ́ pẹlẹbẹ tó ń kà lábẹ́ kàǹtà.

Uwais kò sí lókè lónìí.

"Ìmísí! Káàdì wòlímọ̀ mi dà?"

Àlàájà Àsàmáù ló wọlé láti Bàbáńlá, eruku pupa lára híjáàbù rẹ̀. "Ìwọ lo ní kí n wá lónìí. Ọmọ mi ń jó wòlímọ̀ ìgbéyàwó rẹ̀ ní Sátidé. Àbí kí n máa fi ẹnu pe èèyàn láti ojúlé dé ojúlé?"

"Ẹ má bínú, Mà. Ó wà ńlẹ̀."

Kò sí ńlẹ̀. Bọ̀dá Ebenezer, ọ̀gá wọn, rẹ́rìn-ín láti ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé bébà. "Mo ní kó máa so òwú mọ́ka kó lè máa rántí nǹkan. Ó ní kọ̀ǹpútà òun ní làákàyè."

Ìmísí yí fáìlì wálẹ̀, ó ń yí i lọ, títí ó fi bọ́ sáàrin àwọn ìlà tó ti ṣá. Ibẹ̀ ló ti rí i: *Káàdì Àlàájà Bàbáńlá: àwòrán kò tíì tán.*

Ẹ̀rọ rí "tán", ó sì ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé "kò tíì" lè wà níwájú.

"Ẹ jókòó, Mà. Omi àti kúlíkúlí rèé. Ẹ ò ní í mu omi yẹn tán tí màá fi kó o fún yín."

Omi tán, kúlíkúlí tán, kó tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Àlàájà fọwọ́ pa káàdì àkọ́kọ́ lára, ojú rẹ̀ rọ̀. "Ó mà rẹwà o. Ọlọ́run á fún ìwọ náà lọ́kọ rere."

"Àmín, Mà."

Nígbà tó lọ tán, Ìmísí tún àṣẹ náà kọ: ìlà tí "kò tíì" bá wà nínú rẹ̀, má fọwọ́ kàn án. Ó tẹ bọ́tìnì. Àwọn ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í jí, wọ́n ń padà sókè. Báńnà àwọn ará Òwu-Ìsin. Ìwé ètò ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì kan. Lẹ́yìn wọn:

*Uwais: ṣé kí àwọn òbí rẹ̀ wá rí Bàámi ní Ìsánlú-Ìsin? Ìrònú kò tíì tán.*

Ó rántí báyìí. Èsìé ni wọ́n wà lọ́jọ́ náà, níbi tí Uwais ti ń gbé páńẹ́lì sólà sórí ilé kan. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó béèrè. Ìmísí ní, "Jẹ́ kí n rò ó."

Uwais dé, ó gbé akoto ọ̀kadà lé kàǹtà. "Olólùfẹ́, ṣé o ti rò ó?"

"Ẹ̀rọ ló gbé e pa mọ́." Ìmísí fi ìlà náà hàn án, ó ṣàlàyé "tán" àti "kò tíì tán" fún un.

Uwais rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọkàn mi balẹ̀ wàyí! Èmi rò pé ìwọ lo gbàgbé mi."

Ìmísí la ẹnu láti rín tirẹ̀, ẹ̀rín kò wá. Láti ọjọ́ Èsìé, ó ti jẹun, ó ti sùn, ó ti tẹ káàdì ìgbéyàwó ẹlòmíràn, kò sì mọ̀ ọ́n lára pé ohunkóhun sọnù. Àlàájà wá káàdì rẹ̀ wá láti Bàbáńlá. Ìbéèrè Uwais sọnù, òun kò wá a rárá.

"Uwais," ó ní, "ìrònú mi ti tán. Jẹ́ ká bọ́ síta."

Uwais mú akoto rẹ̀, ó tẹ̀ lé e, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.