Àpò Àgékù

Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, ẹgbẹ́ wa máa ń pàdé nínú yàrá kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn nílé ìwòsàn ńlá. Àga oníke mẹ́rìndínlógún ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú tábìlì kan àti ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ara wò. Gbogbo wa ni dókítà ti ṣiṣẹ́ abẹ fún, tó gé àpò oúnjẹ inú wa kù, nítorí pé a ti sanra kọjá ohun tí ara lè gbé. Bí a bá jókòó tán, ẹnì kọ̀ọ̀kan á dìde, á sọ iye oṣù tó ti pé tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un. "Oṣù mẹ́ta." "Oṣù mọ́kànlá." A ó pàtẹ́wọ́ fún un, á jókòó.

Nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó wa lẹ ìwé kan mọ́ ògiri: kí obìnrin kankan má ṣe lóyún kí oṣù méjìdínlógún tó pé. Kò lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀ fún ẹwà. Ara tó ṣì ń joro kò ní oúnjẹ tó máa pín fún ẹlòmíràn.

Aránṣọ ni mí. Oṣù mẹ́jọ kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ tèmi ni mo ti ń lọ sí ìpàdé, nítorí wọ́n ní kí ẹni tó ń dúró de tirẹ̀ máa lọ jókòó gbọ́. Mo rí i pé aṣọ ń mì lára àwọn èèyàn bí aṣọ orí okùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn fún aṣọ wọn kó lè bá ara wọn mu. Ìyẹn dára. Ohun tí kò dára ni èyí tí mo fi kún un. Gbogbo aránṣọ ló mọ̀ pé bí a bá fún aṣọ, a máa ń fi díẹ̀ sílẹ̀ sínú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rírán, nítorí ọjọ́ tí a ó bá tún tú u. Èmi kì í fi sílẹ̀. Níwájú ẹni tó ni aṣọ ni mo ti máa ń fi sísọ́ọ̀sì gé e kúrò, màá ní, "Ọ̀nà àbọ̀ ti dí." Wọ́n á pàtẹ́wọ́. Kò pẹ́ tó fi di àṣà ẹgbẹ́. Nígbà tó kan aṣọ tèmi náà, mo gé e. Ìyá Téèpù ni wọ́n sọ mí. Mi ò fẹ́ràn ìfiṣòfò, nítorí náà mo ń ká àwọn àgékù jọ, mo ń fi píìnì de ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń kó wọn sínú àpò kan lábẹ́ tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ.

Ọmọ ẹgbẹ́ kan wà tí à ń pè ní Oníbúrẹ́dì, nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe. Ilé búrẹ́dì rẹ̀ kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Òun ló ń pa wá lẹ́rìn-ín. "Ẹ wo ìyà," ló máa ń wí, "igba búrẹ́dì lójúmọ́, òkèlè méjì ni mo lè gbé mì." Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ tirẹ̀ ní oṣù márùn-ún ṣáájú tèmi, ṣùgbọ́n mo fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ lọ́jọ́ orí.

Lọ́jọ́ kan, ó mú aṣọ búlúù kan tí mo ti bá a fún wá sí ṣọ́ọ̀bù.

"Ìyá Téèpù, ẹ bá mi tú u díẹ̀ níbi ìbàdí."

"Kí ló dé? O ti ń jẹun jù?"

"Èmi kọ́ ni mò ń jẹun." Ó wo ẹnu ọ̀nà. "Ẹni tó ń jẹun wà nínú mi. Oṣù méjì. Ẹ jọ̀ọ́, kó má tíì dé etí ẹgbẹ́. Mo fẹ́ fi ẹnu ara mi sọ ọ́."

Mo yí inú aṣọ náà síta. Kò sí nǹkan kan tó ṣeé tú. Ó fi ìka tọ ojú rírán náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni ń wá ohun tó sọnù.

"Ẹ ti gé e," ó ní.

"Níṣojú ẹ ni mo ṣe gé e. O pàtẹ́wọ́."

Ní Sátidé ìpàdé tó tẹ̀ lé e, kó tó kàn án láti dìde, mo ti dìde. Mo ní àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn ba iṣẹ́ dókítà jẹ́. Mo ní ẹni tí kò lè fi oṣù méjìdínlógún kó ara rẹ̀ níjàánu, kí ló wá lọ ṣe lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ? Mi ò dárúkọ. Kò sẹ́ni tí kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ojú mi dúró sí. Nọ́ọ̀sì ní kí n jókòó. Oníbúrẹ́dì gbé àpò rẹ̀.

"Ìyá Téèpù," ó ní, ohùn rẹ̀ kò ga, "ẹ ti wọn gbogbo wa tán. Ẹnu yín nìkan lẹ ò tíì wọ̀n."

Kò padà wá mọ́. Mo sọ fún ara mi pé ìbáwí ni mo bá a wí.

Ọ̀rọ̀ wá kàn mí. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti wà nílé ọkọ láìgbọ́ ẹkún ọmọ. Ohun tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà gan-an nìyẹn. Ó ní ọ̀rá ara ló da nǹkan oṣù mi rú. Ó tún kìlọ̀ pé bí ara bá ti ń fúyẹ́, ilé ọmọ tó ti ń sùn lè jí láìròtẹ́lẹ̀, ó sì ní kí nọ́ọ̀sì fún mi ní oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Mo gbà á, mi ò lò ó. Kí ni mo fẹ́ fi oògùn tí kò ní jẹ́ kí n lóyún ṣe, èmi tí mo ti ń ṣe é fún ọdún mọ́kànlá láìná kọ́bọ̀? Mo sọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀ pẹ̀lú àwọn abẹ́rẹ́ tó ti kán.

Oṣù kẹwàá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni mo lóyún.

Ọkọ mi, tó ń tún fíríìjì ṣe, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nígbà tí mo sọ fún un. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó yẹ kí èmi náà jókòó tì í. Ohun tí mo wí ni pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Oyún tí mo ti fi ọdún mọ́kànlá bẹ Ọlọ́run fún, mo wá ń gbé e kiri bí ẹrù olè. Mo ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi, mi ò ní lè wá sí ìpàdé. Mo lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan tó jìnnà sí ilé ìwòsàn ńlá, níbi tí wọn ò ti mọ̀ mí.

Agbẹ̀bí bi mí bóyá wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún mi rí. Mo ní rárá. Ó gbé aṣọ mi sókè, ó rí àpá kéékèèké márùn-ún lórí ikùn mi.

"Kí lèyí?"

"Epo gbígbóná ló ta sí mi lára."

Ó wò mí díẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé bí mo ṣe wí.

Nígbà tí oyún pé oṣù mẹ́rin, ó ní ẹ̀jẹ̀ mi kéré. Ó ní nítorí pé ìyá mi ní àtọ̀gbẹ, òun fẹ́ tètè yẹ ṣúgà ara mi wò. Ó po ṣúgà sínú ife omi ńlá kan, ó ní kí n mu ún tán. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa pé ṣúgà púpọ̀ kì í dúró nínú irú ikùn tiwa. Á já lọ sínú ìfun lẹ́ẹ̀kan náà, á sì dá èèyàn wólẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo gbé ife náà mu, nítorí pé bí mi ò bá mu ún, wọ́n á bi mí léèrè ìdí.

Kò tó ogún ìṣẹ́jú. Òógùn bò mí, àyà mi ń lù kìkì, ojú mi ṣú. Mo bì sórí bàtà ara mi, mo ṣubú sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn aboyún tó jókòó. Ọ̀kan nínú wọn gbá orí mi mú kó má baà gbá ògiri. Mi ò mọ̀ ọ́n rí, mi ò sì lè sọ òótọ́ fún un nígbà tó ń bi mí pé kí ni mo jẹ.

Nígbà tí ara mi balẹ̀, agbẹ̀bí ní níwọ̀n bí mo ti bì í, àyẹ̀wò náà kò wúlò. Kí n padà wá mu òmíràn ní Ọjọ́bọ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ló kù. Bí mo bá tún un mu, mi ò mọ̀ bóyá oyún náà á dúró. Bí mi ò bá mu ún, àfi kí n jẹ́wọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo sì mọ̀ tó ti gba ọ̀nà yìí kọjá.

Oníbúrẹ́dì ń to búrẹ́dì sórí pákó nígbà tí mo wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyẹ̀fun wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Ọmọ oṣù mẹ́ta kan ń sùn nínú páálí lẹ́yìn káńtà, wọ́n tẹ́ aṣọ tó nípọn sí i lábẹ́.

"Ìyá Téèpù. Ṣé búrẹ́dì lẹ wá rà, àbí páálí ọmọ mi lẹ fẹ́ wọ̀n?"

Mo ní mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Ó ní kí n máa sọ ọ́, òun kì í fi etí to búrẹ́dì. Mo sọ ọ́, mo ń wo pákó. Kí n tó sọ ọ́ tán, ọwọ́ rẹ̀ ti dúró.

"Oṣù mélòó?"

"Mẹ́rin."

"Iṣẹ́ abẹ ńkọ́?"

"Oṣù kẹrìnlá nìyí."

Ó fi ìka ṣírò rẹ̀. "Oṣù mẹ́wàá lẹ fi dúró. Èmi fi méje dúró." Ó mi orí. "Ẹ fi oṣù mẹ́ta jù mí lọ. Ẹ gbìyànjú."

Kò rẹ́rìn-ín. Mo sọ ti epo gbígbóná fún un.

"Epo tó mọ ìṣirò," ó ní. "Ibi márùn-ún, ó tún ta létòlétò." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ má mu omi ṣúgà yẹn mọ́. Ẹ lọ sọ òótọ́ fún wọn. Wọ́n á máa gún yín ní ìka kí ẹ tó jẹun àti lẹ́yìn tí ẹ bá jẹun, fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀, wọ́n á mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò dáadáa, kí wọ́n má kàn fún yín ní oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pín fún gbogbo ayé. Ara tiwa kì í gbà á tó tiwọn."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó tètè sọ fún mi. Mo rò pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo mu ún. Lẹ́ẹ̀kejì, orí àtẹ̀gùn ni mo ṣubú sí." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í to búrẹ́dì. "Mo ti kọ ìbéèrè yẹn sínú bébà fún ìpàdé: kí ni kí n kọ̀ bí mo bá dé ilé ìgbẹ̀bí? Bébà náà wà nínú àpò tí mo gbé jáde lọ́jọ́ Sátidé yẹn."

Ẹyin lohùn, èyí tí mo jù sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, orí àtẹ̀gùn ló lọ fọ́ sí. Mo wo ọmọ inú páálí. Ó kéré.

"Ó kéré ju báyìí lọ nígbà tí mo bí i," ó ní, bí ẹni pé mo béèrè.

"Mo bẹ̀ ẹ́. Má bínú."

"Mo gbọ́."

Mo ní àgékù aṣọ búlúù rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo lè dá a padà sára aṣọ náà lónìí.

"Kí n fi ṣe kí ni? Mo ti bí. Ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ mi ni mo ń wọ̀ títí mo fi bímọ." Oníbàárà kan wọlé, Oníbúrẹ́dì sì kọ ojú sí i. "Ibi tí ẹ ti sọ tèmi, ẹ lọ sọ tiyín níbẹ̀."

Ní Ọjọ́bọ̀, ife náà ti wà lórí tábìlì kí n tó dé. Mo gbé aṣọ mi sókè fúnra mi.

"Kì í ṣe epo," mo ní.

Agbẹ̀bí gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó gbé ife náà, ó dà á nù.

"Ẹ fẹ́ pa ara yín," ó ní, "ẹ sì fẹ́ kí n lọ́wọ́ sí i." Ó fa ìlà sórí ohun tó ti kọ tẹ́lẹ̀, ó kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn ńlá, ó sì gún ìka mi.

Aṣọ àwọ̀ ewé tí mo máa ń wọ̀ lọ sí ìpàdé kò gba ikùn mi mọ́. Mo wá àgékù rẹ̀ nínú àpò, mo tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà méjèèjì, mo rán wọn padà sí i. Ọṣẹ àti oòrùn ti mú kí aṣọ náà ṣá. Àgékù tó wà nínú òkùnkùn àpò kò ṣá. Ìlà méjì tó mọ́ rekete ló wá gba abẹ́ apá mi lọ sí ìsàlẹ̀. Ọkọ mi ní kí n fi kóòtù bò ó. Mi ò bò ó.

Nígbà tó kàn mí ní Sátidé, mo dìde. "Oṣù kẹrìnlá," mo ní. "Oyún oṣù mẹ́rin."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Mo wá sọ ohun tí Oníbúrẹ́dì bẹ̀ mí nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ohun tí mo fi ṣe, àti omi ṣúgà tó mu lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé kò rí ẹni béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sọ ti ìka tí wọ́n ń gún dípò omi náà pẹ̀lú.

"Ìyá Téèpù," ni bàbá kan tó ń wa ọkọ̀ wí, "ìwé ara ògiri yẹn kò kàn yín ni?"

"Ó kàn mí. Mo rò pé ẹlòmíràn ni wọ́n kọ ọ́ fún."

Nọ́ọ̀sì ti àga mi sún mọ́ mi lẹ́yìn, mo sì jókòó.

Ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì wà láàárín wa. Oṣù kẹfà rẹ̀ nìyẹn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó sì máa ń gbé báàgì ńlá lé itan láti ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé dé òpin. Ó sún mọ́ mi nígbà tí a ń tú ká.

"Ìka yẹn tí wọ́n ń gún," ó ní, "ṣé ó máa ń dunni?"

Mo wo báàgì náà, ó yé mi. Mi ò bi í ní nǹkan kan. Mo ní kì í dunni púpọ̀, àti pé ẹnì kan wà tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ, kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni náà bóyá ó fẹ́ kí ènìyàn wá òun wá. Mo ránṣẹ́ sí Oníbúrẹ́dì lórí fóònù. Ó dáhùn kí n tó gbé fóònù náà sílẹ̀: "Kó máa bọ̀. Ẹ̀yin, ẹ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù yín."

Kí wọ́n tó tú ká tán, mo da àpò àgékù tí mo gbé wá láti ṣọ́ọ̀bù sórí tábìlì, mo ní kí oníkálukú wá mú tirẹ̀. Wọ́n ń ṣà á, wọn ò wo ojú mi. Búlúù nìkan ló ṣẹ́kù. Mo tún un ká, mo fi píìnì dè é, mo sì gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù.